Jẹun tán, òòyì dé: kí ló pa inú pọ̀ mọ́ ìfúnpá?

ỌmọSábó (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá ẹni ọdún 74 kan ni mo gbé wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń tọ́jú. Amlodipine 10 mg (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) àti oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni wọ́n ń lò láràárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná oníṣúgà ni wọ́n sì fi ń gbé e mì. Tó bá ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 tí wọ́n jẹun tán, òòyì á máa kọ́ wọn, ojú wọn á ṣú. Bí wọ́n bá dìde báyìí, àfi kí èèyàn tètè dì wọ́n mú. Bí wọ́n bá wá dé ilé ìwòsàn, BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) á kà 150 ó lé. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń nàka sí ẹni tó ń se oúnjẹ. Àwọn kan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ṣé òótọ́ ni pé inú fúnra rẹ̀ lè gbé ìfúnpá sókè tàbí kó jù ú sílẹ̀? Ọ̀nà wo ló ń gbà ṣe é?

Ìdáhùn 1 · Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ má sọ oògùn kankan nù o. Rọpárọsẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ohun tí ẹ kọ yìí, a mọ̀ ọ́n dáadáa nínú iṣẹ́ wa: ìfúnpá tó já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni pé kí nọ́ńbà òkè BP wálẹ̀ tó 20 mmHg, ó kéré tán, láàárín wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kó bọ́ sí ìsàlẹ̀ 90 nígbà tó jẹ́ pé ó ju 100 lọ kí èèyàn tó jẹun. Àgbàlagbà ló ń mú jù, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba nẹ́fù rẹ̀ jẹ́ (okùn tó ń gbé ìròyìn inú ara), àti ẹni tó ní àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Èyí tó máa ń ya ẹbí lẹ́nu ni pé ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an. Èèyàn lè wà ní 155 kó tó jẹun, kó já sí 120 ní ìṣẹ́jú 45, kó ṣubú, kó sì ti padà sí 150 kí ọkọ̀ tó kúrò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ògólóńtò. Nígbà tí wọ́n máa fi wé báńdì mọ́ ọn lápá, nǹkan ti kọjá. Wọ́n á kọ "BP ga" sínú ìwé, nígbà mìíràn wọ́n á tún fi oògùn kún oògùn.

Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ BP nílé?

Ìdáhùn 2 · Olùkọ́Báyọ́

Ẹ jẹ́ kí n bu omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń ti bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ń gba àpòlúkù, ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá. Bí oúnjẹ bá wọ ìfun kékeré, òpójẹ̀ ibẹ̀ á ṣí, ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè di ìlọ́po méjì. Ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀ sí i o, iye tó wà lára tẹ́lẹ̀ náà ni. Ilé tó ní táǹkì kan ṣoṣo lórí òrùlé, bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi mẹ́ta nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń wẹ̀ lókè á kàn gbọ́ tó-tó-tó ni.

Lára ọ̀dọ́, kò séwu. Àwọn amí tó ń ṣọ́ ìfúnpá wà lọ́rùn àti lórí òpójẹ̀ ńlá tó jáde látinú ọkàn. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ọkàn yára, á ní kí òpójẹ̀ ẹsẹ̀ àti apá fún pọ̀. BP kò ní yẹ̀. Lára àgbà, tàbí ẹni tí ṣúgà ti jẹ nẹ́fù rẹ̀, àṣẹ náà máa ń pẹ́ tàbí kó má dé rárá.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí èèyàn púpọ̀ kò mọ̀, ni pé àpòlúkù àti ìfun kì í sọ ohun kan náà. Bí àpòlúkù bá nà nítorí oúnjẹ tàbí omi, nẹ́fù tó wà lára ògiri rẹ̀ á kígbe, nẹ́fù sympathetic (èyí tó ń mú ọkàn yára, tó sì ń fún òpójẹ̀) á fún òpójẹ̀ pọ̀, ìfúnpá á *gòkè*. Bí ṣúgà àti ìyẹ̀fun bá wá já sínú ìfun kékeré, èròjà tí ìfun ń tú jáde, pẹ̀lú insulin, á ṣí òpójẹ̀ ìfun, ìfúnpá á *wálẹ̀*. Bí àpòlúkù ṣe ń yára tú ẹrù rẹ̀ sínú ìfun ló ń pinnu èwo ló máa borí. Ẹ̀kọ oníṣúgà kì í pẹ́ lápòlúkù. Ẹ̀wà máa ń pẹ́.

Ìdáhùn 3 · Ọ̀dọ́Ebúté

Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé oúnjẹ ló ń gbé BP sókè ni? Iyọ̀, mágì, ẹran ọ̀rá. Ohun tí gbogbo dókítà ń sọ nìyẹn.

Ìdáhùn 4 · Olùkọ́Báyọ́

@Ọ̀dọ́Ebúté, àbúrò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọdún dé ọdún, nípasẹ̀ kíndìnrín tó ń dá omi dúró. Èyí tí a ń sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú: ìfèsì tí ara ń fún ara rẹ̀, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ṣoṣo lè ní méjèèjì, bíi bàbá yìí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti rí i pé inú ń bá ọkàn sọ̀rọ̀: ọdún 1863 ni Goltz, ará Jámánì, fi nǹkan kan ikùn ọ̀pọ̀lọ́ léraléra, ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ náà sì dúró. Nígbà tó gé nẹ́fù vagus, ó kan ikùn títí, ọkàn kò dúró mọ́. Vagus yẹn ni okùn tó gùn láti ìdí ọpọlọ, ó gba ọrùn, ó gba àyà, ó dé ikùn. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún okùn tínínrín inú rẹ̀ ló ń gbé ìròyìn *lọ sí* ọpọlọ. Àwọn tó ń gbé àṣẹ bọ̀ kò tó nǹkan. Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni inú, ẹjọ́ ló ń rò fún ọpọlọ tọ̀sántòru.

Ìdáhùn 5 · OníkẹmísììÌgbógbó

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí orí oúnjẹ àti oògùn, ibẹ̀ ni bàbá ti lè rí ìrọ̀rùn kíákíá.

Nínú gbogbo oúnjẹ, ṣúgà olómi ló burú jù. Ṣúgà oníhóró kan tó bíi gíráàmù 4. Ife ẹ̀kọ ńlá tí wọ́n da hóró mẹ́fà sí ti di gíráàmù 24, a kò tíì ka ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ tó jẹ́ àgbàdo pátápátá. Ẹ gbé ẹlẹ́rìndòdò tì í, ẹ ti ṣe é tán. Ẹ ti oúnjẹ lẹ́yìn pẹ̀lú ohun tí kì í tètè dà: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹ̀fọ́. Ẹ dín òkèlè kù. Oúnjẹ kékeré lẹ́ẹ̀márùn-ún dára ju ńlá lẹ́ẹ̀mẹta lọ, nítorí bí oúnjẹ bá ti tóbi tó ni ẹ̀jẹ̀ tí ìfun máa béèrè ṣe ń pọ̀ tó. Ọtí líle pẹ̀lú oúnjẹ, rárá. Ọtí ń ṣí òpójẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oògùn wá: oògùn tó ń mú ni tọ̀, amlodipine, àti ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀. Ọ̀kan dín omi ara kù, ọ̀kan ṣí òpójẹ̀, ọ̀kan fa ẹ̀jẹ̀ sí ìfun. Gbogbo wọn ń tì í sí apá kan náà. Dókítà lè ya wọn nípa, kó sún ọ̀kan sí àárín oúnjẹ méjì tàbí sí alẹ́. Dókítà ni mo wí. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe ẹbí. Acarbose, tó ń dí ìdà ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nínú ìfun, máa ń ran irú ẹni báyìí lọ́wọ́ pàápàá tí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí afẹ́fẹ́ kún inú, ìwé dókítà ni wọ́n sì fi ń rà á.

Ìdáhùn 6 · ÌyáAlágbo

Ẹ jẹ́ kí bàbá mu ewúro pẹ̀lú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, gbogbo ìdọ̀tí inú á jáde, òòyì á lọ.

Ìdáhùn 7 · Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ ṣé mà, ṣùgbọ́n ní ti bàbá yìí, mo bẹ̀ yín, rárá. Àgbo tó ń yọ inú á fa omi jáde lára wọn, wọ́n sì ti ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀. Omi ara á dín, ìfúnpá á túbọ̀ já. Ẹni tó ń dákú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó dé orí, kì í ṣe ẹni tí a ń gbẹ́ gbẹ.

Ìdáhùn 8 · FísíòAgric

Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, ó sì wà ní gbogbo ojú títì. Omi ọ̀rá kan jẹ́ 50cl. Ẹni tí nẹ́fù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, bó bá mu bíi 480 mílílítà láàárín ìṣẹ́jú 5, nọ́ńbà òkè lè fi ju 30 mmHg gòkè. Á bẹ̀rẹ̀ kíákíá, á dé góńgó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 35, á sì ti lọ tán lẹ́yìn wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Lára ọ̀dọ́ tó le, BP kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

Ẹ má rò pé nítorí pé omi kún ẹ̀jẹ̀ ni. Ó yá jù bẹ́ẹ̀. Omi tí kò ní iyọ̀ ń bá àwọn amí kan pàdé lágbègbè ẹ̀dọ̀, àwọn yẹn á sọ fún okùn inú eegun ẹ̀yìn, nẹ́fù sympathetic á fún òpójẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá fi iyọ̀ sí omi náà, agbára rẹ̀ á dín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní *omi lásán*.

Bí a ṣe ń lò ó: ìlàjì ọ̀rá sí ọ̀rá kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí oúnjẹ tó wọlé, lórí ìjókòó. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n jókòó fún wákàtí kan ó kéré tán, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ léraléra tó ìgbà 20, kí iṣan ẹsẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń gbé BP sókè níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ń rìn. Ibi tí èèyàn ti dúró láti kí ẹni tó ń kọjá ló ti ń ṣubú.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà ti bá wọn wọn omi. Ẹ má fi omi yìí dán irú wọn wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má mu ún kí ẹ wá na gbalaja lé bẹ́ẹ̀dì, nítorí ara ẹni tí nẹ́fù rẹ̀ kò gbọ́ mọ́, BP rẹ̀ máa ń ga gan-an bó bá dùbúlẹ̀.

Ìdáhùn 9 · ỌmọẸ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òun náà ló ń mú kí àwọn àgbà máa ṣubú lẹ́yìn ìṣínu nígbà àwẹ̀ Ràmàdáánì? Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á ní èèmọ̀ ni.

Ìdáhùn 10 · Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ ti fọwọ́ kan án gan-an. Ẹ wò ó bí aago ṣe jọ ń lù: ara ti gbẹ láti ìdájí. Wọ́n ṣínu pẹ̀lú ẹ̀kọ oníṣúgà, àkàrà, dàbínù, àti abọ́ ìrẹsì kan ní jíjókòó kan. Ìfúnpá máa ń já jù láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 lẹ́yìn oúnjẹ. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n á dìde lọ kírun Iṣáì, ká tó wá dé orí àṣámù tó gba ìdúró gígùn. Mọ́ṣáláṣí ń móoru, ẹ̀jẹ̀ wà ní ìfun, èyí tó kù ń já sí ẹsẹ̀.

Kí wọ́n fi omi ṣínu, pẹ̀lú dàbínù méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n kírun Màgàríbì, kí wọ́n tó jẹ díẹ̀. Oúnjẹ ńlá lè dúró di ẹ̀yìn àṣámù. Ẹni tí kò bá lè dúró, ẹ̀sìn ti fún un láyè láti kírun lórí ìjókòó. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó ti rí dókítà kí oṣù àwẹ̀ tó wọlé.

Ìdáhùn 11 · Ọ̀dọ́Ebúté

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé bàbá lágbájá wọ ṣáláńgá láàárọ̀, kò jáde mọ́.

Ìdáhùn 12 · Olùkọ́Báyọ́

Ìbéèrè tó dára. Ẹ fọkàn bá ẹni tó ń fi agídí yàgbẹ́ lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó dí ọ̀fun, ó tẹ.

Bó ṣe kọ́kọ́ tẹ, agbára inú àyà fún òpójẹ̀ ńlá bí ẹni fún ọsàn, BP fò sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ, agbára yẹn kan náà ti dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sí ọkàn. Ọkàn kò rí nǹkan tì jáde, BP ń wálẹ̀, ọkàn wá ń sáré láti dí i. Bó bá tú èémí sílẹ̀, BP tún já sí i fún ìgbà díẹ̀, nítorí àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo, ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ lọ kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ya wọlé, ọkàn tì í jáde sínú òpójẹ̀ tó ṣì fún pọ̀, BP fò kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Amí ọrùn rí i, vagus fa ìjánu, ọkàn rọra.

Òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ọ̀dọ́ ń ṣe é lójoojúmọ́ kò sì mọ̀. Àgbà tí ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè dákú ní ibi ìsàlẹ̀. Ẹni tí òpójẹ̀ orí rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ lè rí ìjàǹbá ní ibi òkè. Ẹ tún fi ti ìfun fúnra rẹ̀ kún un: bí ìgbẹ́ bá na ìfun ìsàlẹ̀, tàbí tí inú bá ń lọ́ni, vagus lè mú kí ọkàn rọra láì sí pé èèyàn tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣu yàà náà fi ń dákú.

Ìdáhùn 13 · FísíòAgric

Lórí ti Olùkọ́: kí àpótí kékeré tó ga bíi 20 cm wà níwájú ṣáláńgá oníjókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ. Kí wọ́n máa mí *síta* bí wọ́n bá ń tẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ná. Kí wọ́n má jí lójijì lóru kí wọ́n sáré lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Kí ilẹ̀kùn má sì ní kọ́kọ́rọ́ tí a kò lè ṣí láti ìta. Ẹni tó dákú níbẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ má gbé e jókòó. Gbígbé jókòó ló ń pa á lára.

Ìdáhùn 14 · Afinisùn

Látinú tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), ní ṣókí. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ CO2 sí inú ikùn láti fi kámẹ́rà wò ó, 12 sí 15 mmHg ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ dé. Ìbòrí inú ikùn á nà, vagus á fà, ọkàn lè rọra dé ìlù 40 ní ìṣẹ́jú kan, àwọn ìgbà kan ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. A kì í wá oògùn kọ́kọ́. À ń sọ pé "ẹ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀". Bí kò bá yí, atropine, oògùn tó ń mú ọkàn yára. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Fífa òróǹro tàbí ìfun lè ṣe irú rẹ̀.

Bí ojú aláìsàn bá wá pọ́n wẹ̀ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fa ìfun, tí BP já, tí ọkàn sì ń *sáré*, ìyẹn kì í ṣe vagus. Èròjà prostacyclin tó tú láti ara ìfun ló ṣí òpójẹ̀. Kí èèyàn má sáré fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní atropine.

Ìdáhùn 15 · FísíòAgric

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ẹni tí ọ̀kadà ti sọ di aláìlèrìn ka èyí, torí pé ibí ni ìfun ti lè pa èèyàn ní wákàtí kan.

Ẹni tí okùn inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ ní T6 tàbí lókè rẹ̀ (T6 ni eegun ẹ̀yìn kẹfà ní apá àyà, ó súnmọ́ igun ìsàlẹ̀ eegun pẹlẹbẹ èjìká), BP rẹ̀ ojoojúmọ́ sábà máa ń wà ní 90 sí 110. Bí ìgbẹ́ líle bá dí ìdí rẹ̀, tàbí àpò ìtọ̀ kún, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà wọ okùn ẹ̀yìn, ó gòkè, nẹ́fù sympathetic gbọ́, ó fún gbogbo òpójẹ̀ ìfun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré. BP fò. Ọpọlọ rí i, ó ń pàṣẹ pé "ẹ tú u sílẹ̀", àmọ́ ojú ọ̀nà ti gé, àṣẹ kò kọjá T6. Vagus nìkan ni kò gba okùn ẹ̀yìn kọjá, nítorí náà ọkàn á rọra. BP ga, ọkàn ń lọ díẹ̀díẹ̀, orí ń fọ́ bí ẹni ń lù ú, ojú àti ọrùn pọ́n, òógùn ń bọ́ lókè ibi tó gé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, tútù, pẹ̀lú irun ara tó dìde ṣáṣá. Nọ́ńbà òkè tó bá ti fi 20 sí 40 ju ti ẹni náà lọ, pàjáwìrì ni. Ẹ má sọ pé "140 kò burú". Lára rẹ̀, ó burú.

Ẹ gbé e jókòó gbọnrangandan lójú ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. *Má tẹ́ ẹ sílẹ̀.* Ẹ tú bẹ́líìtì, bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ohun gbogbo tó fún un. Ẹ wọn BP ní ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún síra. Ẹ wo rọ́bà ìtọ̀: ṣé ó lọ́ pọ̀, ṣé ó jókòó lé e, ṣé àpò rẹ̀ kún? Àpò ìtọ̀ ló ń fà á jù, ìgbẹ́ ló tẹ̀ lé e. Bí ti ìtọ̀ bá mọ́ tí BP kò wálẹ̀, nígbà náà ni ẹ máa wo ìdí. Bí nọ́ńbà òkè bá ti tó 150, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń yára sọ BP kalẹ̀, nítorí ìka tí ẹ fẹ́ tì bọ ìdí yẹn náà á tún gbé e sókè. Kí wọ́n béèrè bóyá ó ti lo oògùn agbára ọkùnrin láàárín wákàtí 48 kí wọ́n tó fún un ní nitrate (oògùn tó ń ṣí òpójẹ̀). Ìbọ̀wọ́, jẹ́ẹ̀lì lidocaine 2%, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ibẹ̀ kú tipiri, kí ẹ tó rọra yọ ọ́. Bí BP bá gòkè lẹ́nu rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Nígbà tó bá wálẹ̀ tán, ẹ ṣì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí méjì.

Ẹ sì ṣètò ọjọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ fún un, ní aago kan náà, ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Oúnjẹ tó na àpòlúkù máa ń ji ìfun ńlá.

Ìdáhùn 16 · OníkẹmísììÌgbógbó

Kí a má fi gbogbo òòyì sórí ìfèsì inú o. Bí òòyì bá ń kọ́ni tí ìgbẹ́ sì dúdú bí ọ̀dà, tó ń rùn yàtọ̀, ọgbẹ́ inú ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ń fi diclofenac tàbí ibuprofen pa ìrora orúnkún lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ nígbà tí òòyì bá wà lára rẹ̀; bó bá kéré ju 70 mg/dL lọ, ṣúgà tó já ni, kì í ṣe BP. Ìnira òkè ikùn pẹ̀lú èébì, òógùn tútù, ọkàn tó rọra, ẹ má pè é ní afẹ́fẹ́. Ìsàlẹ̀ ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé máa ń díbọ́n bí inú rírun, nítorí okùn vagus kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń ròyìn.

Ìdáhùn 17 · Nọ́ọ̀sìÀgbà

@ỌmọSábó, bí ẹ ṣe máa wọn ọ́n nìyí. Kí wọ́n tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún lè fi 10 sí 15 lé nọ́ńbà òkè. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn gbára lé àga, apá wà lórí tábìlì ní ìpele ọkàn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jẹun. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn tó wà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 15, 30, 45, 60, 90, 120, lórí ìjókòó kan náà, apá kan náà. Ẹ kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà, kí ẹ kọ "òòyì" sí ibi tó bá ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi àti oúnjẹ tí a yí padà.

Ìdáhùn 18 · ỌmọSábó

A ti wọn ọ́n o. Oògùn kò yí padà ní ọjọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ kìíní, ẹ̀kọ oníṣúgà pẹ̀lú búrẹ́dì: ṣáájú 146/80. Ìṣẹ́jú 15, 140/76. 30, 126/68. 45, 116/62, *òòyì*. 60, 120/64. 90, 134/74. 120, 142/78.

Ọjọ́ kejì, ìlàjì omi ọ̀rá ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ díẹ̀ láìsí ṣúgà: ṣáájú 148/82. 30, 142/78. 45, 134/72. 60, 136/74. 120, 146/80. Kò sí òòyì.

Ìdáhùn 19 · Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ kú iṣẹ́ ná. 30 ló já lọ́jọ́ kìíní, 14 lọ́jọ́ kejì. Ìwé yìí sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹ mú un lọ bá dókítà bó ṣe wà, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: aago wo ló yẹ kí oògùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, ṣé oògùn tó ń mú ni tọ̀ ṣì pọn dandan ní ìwọ̀n yẹn, kí wọ́n sì wọn BP wọn lórí ìdùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìdúró ní ìṣẹ́jú 1 àti 3, ká mọ bí nẹ́fù ṣe bàjẹ́ tó. Títí di ìgbà yẹn, oògùn ń lọ bó ṣe ń lọ, ẹ̀kọ oníṣúgà ti parí.

Ìdáhùn 20 · ỌmọSábó

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kílíníìkì, ìwé ti wà nínú àpò. Ẹni tó ń se oúnjẹ ti ka gbogbo ìdáhùn yìí látòkè délẹ̀. Ó ní ẹ̀sùn òògùn kò kan òun, àmọ́ ti ṣúgà, òun jẹ̀bi, hóró mẹ́jọ lòun ń jù sí i.